Yógà fún aláboyún àti abiyamọ: Ohun tó lè ṣe fún ìyá tó ń dá nìkan tọ́mọ

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọ̀pọ̀ baálé ilé ní Jakande Estate, Ilasan, ti máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ má baà ká wọn mọ́. Ilẹ̀ a sì ti ṣú kí wọ́n tó padà wọlé. Ìyàwó tó wà nínú oyún, tàbí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, lè máa dá wà nínú ilé látàárọ̀ dalẹ́. Ìyá tó yẹ kó wá bá a wẹ ọmọ lè wà ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, kí ọjà tó ń tà má sì jẹ́ kó lè lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú kan níí bímọ, igba ojú níí wò ó. Bí igba ojú kò bá wá sí nítòsí ńkọ́?

Ọ̀kan lára ohun tí àwọn obìnrin ń dì mú káàkiri àgbáyé lásìkò yìí ni yógà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn olówó nìkan ló wà fún, àwọn tó lè sanwó ilé ìdárayá. Jakande Estate ní tiẹ̀ wà lára àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi orúkọ Gómìnà Lateef Jakande pè, ẹni tó ṣèjọba Èkó láti ọdún 1979 sí 1983. Ṣùgbọ́n èyí tó wúlò jù nínú yógà fún aláboyún kò gba owó. Ẹní kan, àga kan àti àyè díẹ̀ nínú pálọ̀ ti tó.

Ilẹ̀ Íńdíà ni yógà ti ṣẹ̀ wá, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Nínú Sanskrit, èdè àtijọ́ ibẹ̀, ìtumọ̀ orúkọ náà sún mọ́ síso nǹkan pọ̀: ara, èémí àti ọkàn. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún. Nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ kan ẹ̀sìn Híńdù, àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí kan ń sá fún un. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á kò gbọdọ̀ fi ipá ṣe é. Àmọ́ mímí kanlẹ̀ àti nína ara ṣeé ṣe láìsí orin tàbí ọ̀rọ̀ àjèjì kankan, ẹni tó bá sì fẹ́ lè fi àdúrà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí oyún ṣe ń dàgbà, ikùn a máa fa ẹ̀yìn síwájú, ilé ọmọ a sì máa ti ibi tí ẹ̀dọ̀fóró wà sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi máa ń ro aláboyún, tí èémí rẹ̀ sì ń kúrú. Obìnrin lè jókòó sórí àga, kó na ẹ̀yìn, kó fi imú mí wọlé títí yóò fi ka ení dé ẹ̀rin, kó sì rọra mí jáde títí yóò fi ka ení dé ẹ̀fà. Ó lè kúnlẹ̀, kó fọwọ́ tẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ nu ilẹ̀, kó rọra tẹ ẹ̀yìn sókè, kó tún dá a padà. Èémí jẹ́jẹ́ yìí kan náà ni agbẹ̀bí máa ń rán obìnrin létí nígbà ìrọbí.

Ìlànà tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2020 ní kí aláboyún tí dókítà kò kà á léèwọ̀ fún máa ṣe eré ìdárayá níwọ̀nba fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Nína ara jẹ́jẹ́ náà dára fún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ ṣe é mọ́, nítorí ilé ọmọ lè tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn. Kó yẹra fún ìgbà tí ooru bá mú, kó sì máa mumi. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń dà, bí àyà bá ń dunni, bí òòyì bá ń kọ́ni, bí orí bá ń fọ́ni tí ojú sì ń ṣe bàìbàì, tàbí bí ọmọ kò bá yí nínú mọ́ bó ṣe yẹ, kó dáwọ́ dúró, kó sì gba ọsibítù lọ kíákíá.

Lẹ́yìn ìbímọ, kò sí ìkánjú. Ẹni tó bí wẹ́rẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èémí, àti fífún iṣan tí a fi ń dá ìtọ̀ dúró pọ̀. Arnold Kegel, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló sọ eré ìdárayá yìí di mímọ̀ lọ́dún 1948. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní láti gba àṣẹ dókítà kó tó na ikùn rárá.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ló jinlẹ̀ jù. WHO fojú bù ú pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, nǹkan bí ìyá 20 nínú 100 ló ń ní àìsàn ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ló sì wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yorùbá ti mọ abísínwín tipẹ́, èyí tí gbogbo àdúgbò máa ń rí. Ìrẹ̀wẹ̀sì kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ń se oúnjẹ, ó ń wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n ó ń sunkún níkọ̀kọ̀, kò sì rí oorun sùn kódà nígbà tí ọmọ bá sùn. Ẹkún ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ wọ́pọ̀, ó sì máa ń lọ. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ọsibítù ló kàn. Bí ó bá ń ro àtipa ara rẹ̀ tàbí ọmọ lára, kí wọ́n má fi dọ̀la. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ìwádìí ti fi hàn pé yógà lè dín àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì kù fún aláboyún, ṣùgbọ́n kò rọ́pò dókítà.

Ibi tí yógà ti bá àṣà wa mu jù ni pé wọ́n sábà máa ń ṣe é pọ̀. Ní kílíníìkì ìjọba, àwọn aláboyún ti ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó kí nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019 kó àwọn aláboyún jọ ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ fún ìtọ́jú, dípò kí nọ́ọ̀sì máa rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ bímọ sí ọsibítù ju àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe yógà ni wọ́n ṣe níbẹ̀; àjọṣe wọn ló ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jọ ń gbé nítòsí ara wọn ní Jakande lè gba nọ́ńbà ara wọn ní kílíníìkì, kí wọ́n máa pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan gbé ọmọ dání nígbà tí ẹnì kejì bá ń nara. Kí ọkọ tó dé lálẹ́ náà gba ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́. Gbogbo àlejò tó bá wọlé abiyamọ ló ń béèrè pé, “Ọmọ ńkọ́?” Ó yẹ kí ẹnì kan tún béèrè pé, “Ìyá ọmọ gan-an ńkọ́?”, kó sì jókòó gbọ́ èsì.