BrainDead: Eré Tí Ó Kó Kòkòrò Wọ Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2016, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS ní Amẹ́ríkà gbé apá kìn-ín-ní eré tuntun kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BrainDead. Eré náà da ẹ̀fẹ̀ òṣèlú, èyí tí í ṣe ọ̀nà fífi ẹ̀rín tú àṣírí àwọn aláṣẹ, pọ̀ mọ́ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì, èyí tí í ṣe ìtàn ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí a ń sọ bí ẹni pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè ṣàlàyé rẹ̀. Tọkọtaya Robert àti Michelle King ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀, àwọn náà ni wọ́n sì ṣẹ̀dá The Good Wife, eré nípa àwọn agbẹjọ́rò tí ó gba oríyìn fún ọdún méje kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà. Nítorí náà, ohun tí àwọn òǹwòran ń retí lọ́wọ́ wọn kò kéré, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò retí kòkòrò.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ara òkúta ńlá kan tí ó já bọ́ láti ojú ọ̀run sí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí wọ́n sì gbé wá sí Smithsonian, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí ó wà ní Washington. Àwọn kòkòrò tí ó jọ èèrà fara pamọ́ sínú òkúta náà. Wọn a gba etí wọ inú orí àwọn òṣèlú, wọn a jẹ lára ọpọlọ wọn, wọn a sì máa darí èyí tí ó kù. Àmì tí a fi ń dá ẹni tí wọ́n ti wọ̀ mọ̀ kò ṣòro: kì í sinmi gbígbọ́ orin You Might Think, tí ẹgbẹ́ olórin The Cars gbé jáde ní ọdún 1984, èrò rẹ̀ nípa òṣèlú a sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat tàbí ti Republican. Red Wheatus, sẹ́nétọ̀ ọ̀mùtí tí Tony Shalhoub ṣe, pa ọtí tì lójijì, ó sì di ọ̀gá nínú ète òṣèlú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fura ni Laurel Healy, tí Mary Elizabeth Winstead ṣe, ọ̀dọ́bìnrin tí ń ya fíìmù nípa ìṣẹ̀lẹ̀ ojú ayé, tí àìlówó sì gbé dé ọ́fíìsì arákùnrin rẹ̀ tí ó jẹ́ sẹ́nétọ̀, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ láti máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ará ìlú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ni ó bí èrò yìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kọ̀ láti fọwọ́ sí owó ìnáwó ìjọba nítorí àríyànjiyàn lórí òfin ìlera tí Ààrẹ Obama ṣe, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pa fún ọjọ́ 16, títí tí nǹkan bí 800,000 òṣìṣẹ́ fi jókòó sílé. Ìbéèrè tí tọkọtaya King sọ di eré ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè nígbà náà: kí ló jẹ ọpọlọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí?

Lílo ẹ̀dá ojú ọ̀run láti sọ ọ̀rọ̀ ayé kì í ṣe ohun tuntun, pàápàá lórí CBS. Ní àwọn ọdún 1950, òǹkọ̀wé Rod Serling gbìyànjú láti kọ eré tẹlifíṣàn tí ó fara jọ ọ̀rọ̀ Emmett Till, ọmọ aláwọ̀ dúdú ẹni ọdún 14 tí àwọn aláwọ̀ funfun pa ní Mississippi ní ọdún 1955, ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi owó ìpolówó ọjà gbé eré dúró yí i padà títí tí kò fi jọ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí ó yá, Serling bẹ̀rẹ̀ The Twilight Zone ní ọdún 1959, ó sì rí i pé ohun tí wọn kò jẹ́ kí èèyàn ẹlẹ́ran ara sọ, wọn kò ka á sí nígbà tí ẹ̀dá ayé mìíràn bá sọ ọ́. Nínú iṣẹ́ Serling, àjèjì ojú ọ̀run jẹ́ aṣọ tí òtítọ́ wọ̀ kí ó lè ráyè kọjá.

Ìhà tí àwọn òǹwòran àti àwọn alámèyítọ́, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé eré yẹ̀ wò kí wọ́n sì ṣèdájọ́ rẹ̀, kọ sí BrainDead kò ṣọ̀kan rárá. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ yìn ín nítorí ìgboyà rẹ̀: orí ènìyàn ń bú gbàmù láàárín ìpàdé, síbẹ̀ àwọn òṣèré kò rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ojú líle bí ẹni pé ìjíròrò lórí owó orí ni wọ́n ń ṣe. Olórin Jonathan Coulton ń fi orin ṣe àkópọ̀ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí apá tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà kan sì wà tí ó kọ orin àkópọ̀ eré àtijọ́ kan, Gunsmoke, dípò BrainDead. Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lórí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ńlá, bóyá torí rẹ̀ nìkan ni àwọn kan fi ń rántí eré náà.

Àwọn mìíràn kò rí ohun tí wọ́n lè rẹ́rìn-ín sí. Àwọn kan nínú wọn sọ pé kòkòrò pọ̀ jù fún ẹni tí ó wá wo òṣèlú, òṣèlú sì pọ̀ jù fún ẹni tí ó wá wo kòkòrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí ó wúwo jù ni pé eré náà pín ẹ̀bi dọ́gba-dọ́gba fún ẹgbẹ́ méjèèjì, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ kò tíì dé ìdí ọ̀ràn. Ẹ fi wé ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá: ní alẹ́ ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu, òṣèré tí ń fi orin bá ìjòyè wí kì í sọ pé ohun àjèjì kan ló wọ ìjòyè náà lórí. Ìwà ọwọ́ ìjòyè fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lórin, ìdí nìyẹn tí orin náà fi ń ta ìjòyè lára. BrainDead ṣe òdì kejì èyí. Bí ó bá jẹ́ kòkòrò ló jẹ ọpọlọ sẹ́nétọ̀, sẹ́nétọ̀ kò jẹ̀bi, àwọn tí ó dìbò fún un kò jẹ̀bi, ẹni tí ó fún un lówó ìpolongo pàápàá kò jẹ̀bi. Aṣọ tí Serling fi wọ òtítọ́ kí ó lè kọjá ni tọkọtaya King fi bo àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ìdájọ́ tí ó le ju èyí lọ ni pé, nínú eré náà, àwọn ará Washington kì í tètè mọ̀ pé ìwà ẹnì kan ti yí padà, nítorí pé ìyàtọ̀ àárín aṣòfin tí kòkòrò ti wọ̀ àti èyí tí kò tíì wọ̀ kò pọ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ náà ti mú jù lọ.

Àkókò tí eré náà jáde kò gbe tọkọtaya King rárá. Nínú eré náà, tẹlifíṣàn tí ó wà ní ẹ̀yìn àwọn òṣèré ń fi ìròyìn gidi nípa Donald Trump àti Hillary Clinton, tí wọ́n ń du ipò ààrẹ nígbà náà, hàn, ìròyìn wọ̀nyí sì sábà máa ń yani lẹ́nu ju ohun tí ó wà níwájú wọn lọ. Àwọn tí ń wo eré náà kò pọ̀ tó, CBS gbé e kúrò ní alẹ́ ọjọ́ Ajé sí alẹ́ ọjọ́ Àìkú, apá 13 rẹ̀ sì parí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Kẹwàá, kí ìdìbò ààrẹ tó wáyé, wọ́n kéde pé eré náà kò ní tẹ̀ síwájú.

Tọkọtaya King kò pa ẹ̀fẹ̀ òṣèlú tì. Nínú eré wọn mìíràn, The Good Fight, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2017, wọ́n dárúkọ Trump láìfi kòkòrò kankan bò ó, wọ́n sì tún pe Coulton wá kọrin. Eré náà lo ìpele mẹ́fà kí ó tó parí ní ọdún 2022, òun ni ó sì mú ju BrainDead lọ.