Ère Ẹ̀gún

Ère ẹ̀gún ni ère kékeré tí a fi ẹ̀gún ara igi bí àràbà gbẹ́. Justus Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939. Ẹ̀gún rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n ó kéré. Nítorí náà, orí, apá àti ọmọ odó ni a ń gbẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà.

Irú ọgbọ́n yìí wà níbòmíràn: àwọn tó ń ṣeré Warhammer, eré ogun orí tábìlì tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1983, náà ń gé ère ọmọ ogun kékeré wọn, wọ́n ń tún un tò, wọ́n sì ń kùn ún lọ́dà. Ṣùgbọ́n ère ẹ̀gún kì í sábà gba ọ̀dà: àwọ̀ ẹ̀gún fúnra rẹ̀ ló ń ya aṣọ sọ́tọ̀ lára ènìyàn. Ẹlẹ́mu, agúnyán, àwọn tó ń ta ayò, irú àwọn tí ojú ń rí lóko Lágelú àti Akínyẹlé nílẹ̀ Ìbàdàn, ni àwọn agbẹ́ ère ẹ̀gún máa ń gbẹ́.