Ta Ni Dókítà Eyín?

Ẹni tí eyín ń dùn kì í ní sùúrù àtibèèrè ọ̀rọ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ yíyẹ ìwé àwọn ẹlòmíràn wò lójoojúmọ́, mo la ẹnu níwájú ọkùnrin kan nítorí pé ó wọ aṣọ funfun. Ó kán eyín náà. Gbòǹgbò rẹ̀ kù sínú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì wú fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tí èmi kò bèèrè ni kí ẹ̀yin ará Igbótako àti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gbogbo máa bèèrè. Dókítà eyín ní oyè yunifásítì: BDS, tàbí BChD bí ó bá jẹ́ Ifẹ̀ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Oyè nìkan kò sì tó. Ìgbìmọ̀ ìjọba tí a ń pè ní MDCN gbọ́dọ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì máa gba ìwé àṣẹ tuntun lọ́dọọdún. Ẹ wo ọdún tí ó wà lára rẹ̀ dáadáa.

Àwọn tí ń fọ eyín, àti àwọn tí ń ṣe eyín àtọwọ́dá, ní ìwé àṣẹ tiwọn. Iṣẹ́ wọn níyì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe dókítà. Bí ọ̀ràn bá sì wọ egungun àgbọ̀n, tàbí tí eyín ọmọ hù ní wíwọ́, ẹ ní kí dókítà yín fi yín ránṣẹ́ sí ẹni tí ó tún fi ọdún púpọ̀ kọ́ ẹ̀ka náà, irú àwọn tí ó wà ní ilé ìwòsàn ńlá Ifẹ̀ àti Ìbàdàn.

Dókítà gidi ni ó yọ gbòǹgbò tèmi níkẹyìn. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lára ògiri. Mo kà á tán kí n tó la ẹnu.