Àlìkámà Lórí Òkè: Ẹ Wo Etí Ewé Kí Ẹ Tó Tu Èpò

 A mọ̀ pé àlìkámà kì í ṣe ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Ní Kano, Jigawa àti Kebbi, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbìn ín, omi ni wọ́n sì ń fà wọ oko. Ṣùgbọ́n òkè Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, Mambilla tún ga jù ú lọ. Ibẹ̀ tutù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìyànjú láti gbìn ín lásìkò òjò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òjò tó ń fún àlìkámà lómi ló ń fún èpò náà.

Imí eṣú àti tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún kò ṣòro láti dá mọ̀, ewé wọn fẹ̀. Ẹẹ̀ran àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ, torí ẹbí koríko ni àlìkámà fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, alágbàṣe lè fa àlìkámà tu kó sì fi èpò sílẹ̀. Ẹ rọra fa ewé kan wálẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ti so mọ́ igi rẹ̀. Ti àlìkámà ní etí kékeré méjì tó ní irun wẹ́wẹ́, tó di igi náà mú. Ẹẹ̀ran kò ní irú rẹ̀.

Ẹ gbìn ín ní ìlà, kí àlàfo tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí ọkọ́ lè ráyè kọjá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni kẹ́ ẹ ro ó. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tó yọ orí, èpò ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Tó bá jẹ́ oògùn lẹ fẹ́ fín, ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀ dáadáa. 2,4-D ń pa èpò eléwé fífẹ̀, kì í pa koríko. Glyphosate ní tirẹ̀ máa pa èpò, á sì pa àlìkámà mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ tó gbìn nìkan lẹ lè fín in.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti aládùúgbò. Tí atẹ́gùn bá gbé 2,4-D lọ sórí tòmátì tàbí pòtétò ẹni tó bá yín pààlà, ewé rẹ̀ á ká kò, ọ̀rọ̀ á sì di ẹjọ́. Ẹ sọ fún un ṣáájú. Ẹ fín in nígbà tí atẹ́gùn bá rọ̀, tó sì ń fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ la wà. Kò yẹ kí èpò dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn tó gbà wá lálejò.