Owó kajú ti ń tán kí owó yunifásítì tó dé

Ní Bantè àti Savalou, láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni owó kajú máa ń wọlé. Oṣù kẹfà tàbí ìkeje ni èsì BAC ń jáde. Kí ọmọ tó wọ yunifásítì, owó náà ti bá òrùlé, òkú àti gbèsè lọ.

Ohun tí òbí púpọ̀ kò mọ̀ ni pé orí apresmonbac.bj ni ọ̀rọ̀ owó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tó yege ti ń yan ẹ̀kọ́ tí yóò ṣe ní yunifásítì ìjọba. Máàkì rẹ̀ àti ohun tó yàn ló ń sọ bóyá yóò rí bourse, tàbí òun fúnra rẹ̀ ni yóò san owó, èyí tí wọ́n ń pè ní titre payant. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọmọ àti onísáíbà nìkan, ẹ jókòó tì wọ́n.

Bourse pàápàá máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ ọmọ. Owó yàrá àti oúnjẹ ní Calavi tàbí Parakou kì í dúró dè é.

Bó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba kí ẹ tó san fàráǹkì kan. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọn yóò dá owó padà bí ọmọ bá rí bourse lẹ́yìn náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àsìkò kajú, kí ẹni tó ní ọmọ ní terminale kó ti oṣù kẹsàn-án. Ọdún iṣu Savalou, 15 oṣù kẹjọ, ti kọjá nígbà náà.