Mosi-oa-Tunya: Ìdí tí òṣòòrò omi ńlá fi ń sún sẹ́yìn

Ọ̀nà kan wà ní Ọgbà Ìtura Mosi-oa-Tunya, lórílẹ̀-èdè Zambia, tó gba àárín igbó ọ̀pẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀gbun odò Zambezi. Àtẹ̀gùn òkúta ló pọ̀ níbẹ̀. Omi kéékèèké ń ṣàn kọjá lójú ọ̀nà, ewé tutù lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọ̀bọ ńláńlá sì ń ṣọ́ ẹni tó bá gbé oúnjẹ dání. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ń pè ní Boiling Pot, omi ń hó yaya bó ṣe ń ti ọ̀gbun àkọ́kọ́ ya wọ èkejì. Afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1905 wà lókè téńté.

Ọ̀pọ̀ ló ń wá síbí torí òṣòòrò Mosi-oa-Tunya, tó fẹ̀ tó mítà 1,708, tó sì ga tó mítà 108. Àmọ́ ọ̀gbun tí wọ́n ń tọ̀ yìí gan-an, ipasẹ̀ òṣòòrò náà ni. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé inú ọ̀gbun kejì yìí ni odò ń já bọ́ sí.

Báwo ni omi ṣe gbẹ́ àpáta?

Ní nǹkan bíi 180 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ ṣàn jáde láti inú ilẹ̀, ó sì tẹ́ bo agbègbè náà. Bó ṣe ń tutù ló ń sán. Nígbà tó yá, ohun tí kò le tó àpáta wá dí ojú ibi tó sán. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́: ibi tó sán yìí ni Zambezi gbà wọlé. Omi fọ ohun tó dí i lọ, ibẹ̀ jìn, odò sì já sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún rí ibòmíràn tó sán lókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gbun náà fi rí wọ́kọwọ̀kọ. Ní ẹ̀gbẹ́ Zimbabwe, níbi tí wọ́n ń pè ní Devil's Cataract, odò ti ń gbẹ́ ọ̀nà tuntun báyìí.

Kí ló mú igbó ibẹ̀ tutù?

Ilẹ̀ tó yí ibẹ̀ ká máa ń gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò bá kún, ìkùukùu omi máa ń ga ju 400 mítà lọ, á sì padà wá rọ̀ bí òjò sórí igbó etí òṣòòrò náà.

Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn lọ?

Oṣù Kẹrin lomi máa ń pọ̀ jù, ìkùukùu á bo ojú àpáta, wọ́n sì máa ń ti ọ̀nà Boiling Pot bí omi bá ga. Ní oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, omi á fà, àpáta á sì hàn ketekete ní ẹ̀gbẹ́ Zambia. Lópin ọdún 2019, ọ̀dá mú kó fà débi pé àwòrán àpáta gbígbẹ náà tàn káyé.

Sísún tí òṣòòrò ń sún sẹ́yìn kì í ṣe àjálù, iṣẹ́ odò ni. Àìtó omi ló yẹ kó kó ìdààmú bá wa. Òjò tó ń rọ̀ lápá òkè odò, ní Angola àti ìwọ̀ oòrùn Zambia, ló ń bọ́ Zambezi. Torí náà, àbójútó Mosi-oa-Tunya kò lè parí sí ẹnu ọ̀nà ọgbà náà. Igbó àti irà tó ń gba omi òjò náà dúró lápá òkè odò ló yẹ ká kọ́kọ́ dáàbò bò.