Ṣé o mọ̀? Wọ́n lè pààrọ̀ búráúsà rẹ láì bi ọ́

Ṣé o mọ̀ pé sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ lè lé búráúsà tí o yàn kúrò nípò, kó sì fi tirẹ̀ síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, ó kan oníṣòwò Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì kan òbí tó ń lo kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láti forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò ní Abigi, Ogun Waterside.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. O fẹ́ fi ètò tó ń ṣí PDF sórí kọ̀ǹpútà. Bí o ti ń tẹ “Next” léraléra, àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ti fàmì sí tẹ́lẹ̀. Àmì yẹn ni wọ́n kà sí ìyọ̀ǹda rẹ pé kí wọ́n pààrọ̀ búráúsà rẹ. Ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Wọ́n ti fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá. Ní oṣù Keje ọdún 2015, Chris Beard, ọ̀gá ilé iṣẹ́ búráúsà Mozilla nígbà náà, kọ lẹ́tà ní gbangba sí Satya Nadella ti Microsoft pé Windows 10 ń wọ́gi lé búráúsà tí àwọn ènìyàn ti yàn.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, kọ́kọ́ yọ sọ́fítíwíà àjèjì náà kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ “Settings” lórí Windows, tẹ “Apps”, tẹ “Default apps”, kí o yan búráúsà tìrẹ. Má tẹ páásíwọ̀ọ̀dù báńkì sórí kọ̀ǹpútà náà kí o tó ṣe èyí tán.